Sémìjàn Inú Ìwé Ogun

Ẹnu ọkùnrin tó fẹ́ gba oko lọ́wọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìwé àwọn ará Íńdíà yẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé n óò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì máa ń bá ìwé mímọ́ pàdé lórí àìsàn tàbí nínú ìpọ́njú. Abẹ́ apá ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun báláú ni èmi ti bá tèmi pàdé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa ní Bantè, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ilẹ̀ má fara pa.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí mo bá ní kí n là á fún àlejò, n óò sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ṣùgbọ́n nínú ilé wa a kì í là á báyẹn. Ìyá tó bí i kú nígbà tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ìyá tèmi ń fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì gbé òun náà sí ọmú kejì. Ọmọ tirẹ̀ yẹn kò dúró. Èyí tó gbà tọ́ dúró, ó sanra, ó lọ sílé ìwé, ó di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ní Kùtọnu, ó ra mọ́tò. Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà tí mo fi mọ ọ̀nà odò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Savalou, kò kọ́ ọ sí Bantè, ó ní Savalou ni gbogbo ọ́fíìsì wà. Ọ́fíìsì kí ni ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ń wá kiri? Ẹ bá mi bi í.

Oko tí mò ń sọ yìí wà lọ́nà Koko. Bàbá rẹ̀ àti bàbá mi ni wọ́n jọ ṣán igbó ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kú, ibẹ̀ la sì sin bàbá mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kajú tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Láti ìgbà yẹn, ìyá mi ló ń dá a. Iṣu ibẹ̀ ló fi rán mi níléèwé. Bí ilé bá sú u, ibẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, yóò sì máa bá igi kajú yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú igbó lọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá dé láti Savalou, ó ní bàbá òun ni àgbà, òun ni àrólé, ilẹ̀ náà di tòun.

Kò fẹ́ fi dáko o. Bí ẹ bá fún un ní ọkọ́, kò lè kọ ebè kan tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó bó. Ó fẹ́ kọ́ ilé ìdákẹ́jẹ́ síbẹ̀. Àwọn èèyàn yóò máa ti Kùtọnu wá, wọn yóò ká ẹsẹ̀ jókòó, wọn yóò dijú, wọn yóò sì kọ́ bí èèyàn ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìfẹ́ ohun ìní. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá ẹ kò gbọ́ mi dáadáa. Ó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó, kó lè rí ibi tí yóò ti máa kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fẹ́ ohun ìní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kì í ṣàwàdà. Láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ajókòó-dijú yẹn ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ tó gbé ìwé náà wá, ọyẹ́ ń fẹ́, ìyá mi sì wà lójú agbolé, ó ń rẹ́ iṣu tí yóò sá fún èlùbọ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní Savalou, ṣùgbọ́n mo máa ń wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo sì ń bá a bó èèpo lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kí wa, ó ká ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ní òun kò wá torí oko. Ó ní ẹ̀kọ́ lòun gbé wá fún màmá, kí màmá lè mọ̀ pé ohun tí òun máa ṣe kò ní ìkórìíra nínú. Ìṣà tí à ń sọ ní Bantè ti dógùn-ún lẹ́nu rẹ̀, ìdajì rẹ̀ Faransé, ìdajì yòókù Yorùbá àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá ń ta epo. Ó ní kí n máa túmọ̀ fún òun. Mo fẹ́ kọ̀, àmọ́ ìyá mi ní kí n jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì tò síwájú ara wọn, ìdí rẹ̀ sì ni ta ni yóò jọba. Ó ní jagunjagun kan wà níbẹ̀, ọmọ ọba, olótìítọ́ èèyàn, àwọn tó sì wá bá jà jẹ́ báyìí-báyìí sí i. Ó lo ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń lò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni. Mo la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá a títí. Kò sí lẹ́nu wa. Ni mo bá fi ọ̀rọ̀ Faransé náà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo ní àwọn kúsẹ̀ẹ̀n rẹ̀ ni.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ rí i, Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì tó jọ ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan fún ìbátan, ọ̀kan fún tìmùtìmù tí wọ́n ń kó sórí àga. Ohùn bíńtín kan tí kò sí lẹ́nu wa ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àwa bá pè é, kúsẹ̀ẹ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ìyá mi kò mọ kúsẹ̀ẹ̀n ti ìbátan rí. Èyí tó mọ̀ ni ti àwọn káfíńtà tó ń ta àga lẹ́bàá títì Savalou. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wá béèrè pé kí ni tìmùtìmù ṣe fún ọmọ ọba tó fi kó ogun lọ bá a.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ṣàlàyé dáadáa, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, irú sùúrù tó ń mú èèyàn bínú. Mo wá sọ fún ìyá mi pé ọmọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n. Ìyá mi ní àhá, ọmọ ìyá ni wọ́n nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi já lu ọ̀rọ̀ náà, ó ní rárá, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, ó yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì gan-an. Ìyá mi ní kí n bi í bóyá inú ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí, bóyá abọ́ kan náà ni wọ́n ti jẹun. Ó ṣí ìwé, ó tún pa á dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ààfin kan náà ni, olùkọ́ kan náà ló kọ́ gbogbo wọn. Ìyá mi ní ọmọ ìyá ni wọ́n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ iṣu rẹ̀.

Ó kúkú ń bá ìtàn lọ. Ó ní jagunjagun náà wà nínú kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin ń fà, ẹni tó sì ń wà á fún un, ọlọ́run ni, ó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n dé àárín ẹgbẹ́ ogun méjèèjì, jagunjagun yẹn ṣojo díẹ̀. Awakọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kó dìde, kó jà, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra, ohun tó tọ́ ni, dẹfúwà rẹ̀ ni.

Bí mo ṣe túmọ̀ awakọ̀ ni wàhálà mìíràn tún dé. Ẹni tó jókòó síwájú tó ń wà, tí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ní Bantè, sémìjàn ni, alálùpùpù tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọlọ́kadà. Ìyá mi kò rí ẹṣin kankan. Sémìjàn ló rí, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti eruku ọ̀nà Koko lára rẹ̀. Dẹfúwà ní Faransé, ojúṣe ni, iṣẹ́ àṣetiléwá náà sì ni; ìkejì yìí ni ìyá mi mọ̀ dáadáa, nítorí òun ni mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo máa ń kó wálé wá yẹ̀ wò lórí tábìlì rẹ̀. Ó béèrè ta ni yóò fún jagunjagun ní máàkì. Ó wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ pátápátá.

"Sémìjàn yẹn, ṣé ará ilé wọn ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọlọ́run ni, ọlọ́run kò ní ilé tirẹ̀.

"Ó dáa. Bí sémìjàn bá gbé mi dé ibì kan, tí mo rí ohun tó wà níbẹ̀, tí mo ní kó dúró, kó dúró ni. Ogun kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni yóò sin òkú."

Mo túmọ̀ èyí ní Faransé tó gún régé, mo fi ọ̀rá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí wọ́n ń kọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń dijú. Ó ní ó máa ń gba àkókò kí òye tó wọlé. Ó wá sọ ohun tó bá wá gan-an: pé wọn yóò pè wá sí ilé ìlàjà ní Savalou lórí ọ̀rọ̀ oko, pé kí màmá má kà á sí ìjà. Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á kí ojú mi lè là. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Iṣu tí ìyá mi ti rẹ́ fún un pé kó gbé dání, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Mo kà á. Mo fi ìbínú kà á, nínú yàrá olùkọ́ ní Savalou, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń sùn lórí tábìlì. Àṣìṣe ni mò ń wá níbẹ̀, kí n lè fi gún ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ibi tó fi fò. Ṣé ó ní jagunjagun ṣojo díẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kún ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Ó ní kí awakọ̀ gbé òun lọ sáàárín kí òun lè rí ojú àwọn tí òun fẹ́ pa. Ó wò, ó rí àwọn bàbá rẹ̀, ó rí olùkọ́ tó kọ́ ọ, ó rí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ ọ́ síta nínú yàrá olùkọ́ pé èèyàn gidi rèé, ẹnì kan jí, ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn.

Lẹ́yìn náà ni sémìjàn gba ọ̀rọ̀, kò sì dá a padà mọ́. Ẹ̀mí kò ṣeé pa, ara lásán ló ń kú, iṣẹ́ jagunjagun ni ogun, dìde. Mo pòṣé. Bí ara kò bá jẹ́ nǹkan kan, kí ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ọba ṣe? Ta ni yóò gbé ibẹ̀, ẹ̀mí? N kò ní purọ́, ibì kan wà níbẹ̀ tó wọ̀ mí lára, níbi tó ti ní kí èèyàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kó má di èrè rẹ̀ mọ́ àyà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ mo rántí ẹni tó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, mo ṣí ojú ìwé yẹn kọjá. Lẹ́yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé, mo rí i pé sémìjàn yẹn gan-an, ìbátan jagunjagun ni, ọmọ arákùnrin ìyá rẹ̀. Ará ilé ló ń ti ará ilé sí ará ilé. N kò sọ èyí fún ìyá mi. Mo ní ó ti gbọ́ tó.

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá, mo múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìdánwò. Bàbá onílàjà jẹ́ Màhì, ẹ̀yà tó ni Savalou, ó gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Ìṣà, wọ́n sì gbà kí n máa túmọ̀ fún ìyá mi nítorí kò sí ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n mi wọ funfun rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó sọ ti àrólé, ó sọ ti ilé ìdákẹ́jẹ́, ó sọ bí Koko yóò ṣe lajú. Bàbá onílàjà gbọ́ ọ tán, ó wá bi í pé kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí i.

Ó dáhùn ní Faransé, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa. Ó ní opó àbúrò bàbá òun ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ilé aládùúgbò. Ọmú tó mu, ẹ̀yìn tó sùn lé, gbogbo rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ tútù yẹn, ó sì pòórá.

Ìyá mi fọwọ́ tọ́ mi, ó ní kí ló sọ. Mo ti mọ ohun tí n óò ṣe kí ó tó béèrè. Ní èdè wa, àbúrò bàbá, bàbá ni. Ìyàwó bàbá, ìyá ni. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí èèyàn lè fi sá. N kò parọ́, mo túmọ̀ ni, mo sì gbé ohùn mi sókè kí ẹ̀gbọ́n mi lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Ó ní ìyá òun ni yín."

Mo wò ó lójú. Mo fẹ́ kó la ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, kó fi Ìṣà ẹnu rẹ̀ tó ti dógùn-ún sọ fún un pé rárá, ẹ kì í ṣe ìyá mi. Kò lè sọ ọ́. Orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo ní ọwọ́ ti bà á, ìtìjú ni yóò lé e jáde ní yàrá yìí.

Ìyá mi ń wò ó títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Sọ fún bàbá pé kí wọ́n fún un. Bó bá lè pè mí ní ìyá rẹ̀ níwájú àlejò, èmi ò ní bá a du ilẹ̀."

Mi ò lè túmọ̀ rẹ̀. Bàbá onílàjà ń wò mí, ó ń dúró. Mo sọ fún ìyá mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pé èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun rí orí rẹ̀ tó wálẹ̀, kí n túmọ̀ ohun tí òun sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, mo rò pé yóò dọ̀bálẹ̀, ó kéré tán yóò dọ̀bálẹ̀. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wọn, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní mẹ̀sí. Mẹ̀sí! Bí ẹni pé Ìṣà kò ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó tó fún un.

Ilé ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ má béèrè. Ó mọ ògiri róbótó kan tí kò rí òrùlé dòní, ó kan pátákó kan mọ́ ojú ọ̀nà. Àwọn ará Kùtọnu wá lẹ́ẹ̀kan, eèrà lé wọn. Koríko ti bo ibi tí a ti ń kọ ebè, ìdákẹ́jẹ́ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìyá mi ń gbin ata sínú àwọn abọ́ fífọ́ lẹ́yìn ilé ní Bantè. Bó bá fẹ́ rí igi kajú bàbá mi, yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Savalou pé òun ń lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà, nígbà tí a jáde, mi ò tíì mọ gbogbo èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oko lọ́wọ́ ìyá mi, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi gbà á. Mo dá a dúró lábẹ́ igi tó wà lẹ́nu géètì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó jẹ́ ká padà wọlé. Mo ní ọ̀rọ̀ ò tíì tán, ibi tó ga ju ibí lọ wà. Mo ní kó má jókòó lé ọwọ́ báyìí, kó dìde, kó jà, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra, ohun tó tọ́ ni, dẹfúwà rẹ̀ ni sí bàbá mi tó wà nínú ilẹ̀ yẹn. Mo ń sọ ọ́ lọ, mi ò mí.

Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ìwọ náà ti di sémìjàn," ó ní. "Dúró, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."